Ààbọ̀ Òwe Lórí Ibojì Ìyá Ìkòrò

Ààbọ̀ òwe ni wọ́n kọ sórí ibojì ìyá mi àgbà, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ bá mi dé Ìdó-Ilé-Èkìtì, ẹ béèrè ilé ọkọ rẹ̀, Bàbá Kátíkíìsì, ẹ ó rí òkúta dúdú kan tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Orúkọ Màmá ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ pé: ÀGÙÀLÀ Ń BÁ OṢÙ RÌN. Lábẹ́ ìyẹn: SÙN RE, AYA RERE. Ó parí.

Àgùàlà ni ìràwọ̀ ńlá funfun tó máa ń yọ níhà ìwọ̀-oòrùn kí ilẹ̀ tó ṣú tán, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Fínọ́ọ̀sì. Àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní ajá oṣù, torí pé ó máa ń sún mọ́ oṣù nígbà mìíràn bí ẹni ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Gbogbo wa la mọ òwe tí àwọn àgbà fi í pa: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òwe náà ò gùn. Ọmọdé lè pa á tán láìmí. Bàbá Délé, àbúrò ọkọ Màmá tó ti di olórí ẹbí wa báyìí, ló ní kí wọ́n gé e síbi tí wọ́n gé e sí. Ìdajì tí wọ́n jù nù yẹn gan-an ni Màmá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún. Ohun tí mo ń bá wọn fà láti ìgbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n kọ ìyókù sí i kí a tó ṣe ìrántí ọdún kan.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń lò fún ìyá mi àgbà, n kò sọ pé "wọ́n". Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, òun ló kọ̀ ọ́. Ìkòrò ni wọ́n ti bí i kí ó tó fẹ́ ará Ìdó-Ilé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Ìkòrò. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sí ẹni tó ń sọ "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo nílé àwọn, ilé ìwé ló kó o dé. Ohun tó tún wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tíṣà ni òun fúnra rẹ̀. Pàṣán ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní "ẹ" yìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọlé tí mo ní "Màmá, ẹ káàárọ̀," á wẹ̀yìn wò bí ẹni pé àlejò kan tún dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni ẹ̀ ń kí?" ni yóò wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mí." Bàbá Délé ní tiwọn fẹ́ràn "wọ́n" púpọ̀, mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí i àti àwọn ilé ìwé tó ti ṣiṣẹ́, kí ó lọ wo ìwé ètò ìsìnkú. Ìwé náà kún dẹ́nu. Ìyàwó ta ni, ìyá ta ni, ìyá ọkọ ta ni, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo péré kò sí nínú rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ló ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́! Mo ka ìwé náà tán, mo ká a, mo fi í fẹ́ ara mi torí ooru, torí kò wúlò fún nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ tí àwọn àwòrán àkọ́kọ́ dé láti inú awò awọ̀nàjíjìn tuntun tí wọ́n gbé jìnnà sójú òfuurufú, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i lórí wásáàpù láti Adó. Àwọsánmà eruku ni, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ọ̀nà Ìjerò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni wọ́n ní ìràwọ̀ ti ń dáyé. Kò dá mi lóhùn ní gbogbo ọjọ́ náà. Mo rò pé dátà rẹ̀ ti tán. Ọjọ́ kejì ló pè mí, kò tilẹ̀ kí mi.

"Ibo ni wọ́n ti yà á?"

"Ojú ọ̀run ni, Màmá."

"Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe Ọjà Ọba. Mo ní apá ibo? Kí n lè kọjú síbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, n kò sinmi mọ́. Tí mo bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, á béèrè méjì sí i. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìjerò lọ́jọ́ kan kí wọ́n lè bá a tẹ àwòrán náà sórí ìwé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọ̀gá ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, ó ní kò sí ìyàtọ̀, dúdú ṣáà ni ojú ọ̀run. Màmá dá a padà fún un. Ó ní, "Inú ìyá tó bí ọ náà ṣókùnkùn, àwọ̀ lo ṣáà bá jáde." Ọkùnrin náà wá yíǹkì aláwọ̀ rí.

Àwọn àwòrán yẹn ló kọ́ sí pálọ̀, láàárín kàlẹ́ńdà ìkórè àti fọ́tò ọkọ rẹ̀ olóògbé. Bàbá Délé wọlé, wọ́n rí i pé àwòrán ìràwọ̀ Júpítà wà lókè, fọ́tò ẹ̀gbọ́n àwọn wà nísàlẹ̀, ni wọ́n bá kọ̀ láti jókòó. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Wọ́n ní ṣé Júpítà ló san owó orí rẹ̀ ni, àbí òun ló kọ́ ilé. Wọ́n ní ìràwọ̀ ò kún ikùn, obìnrin tó ti darúgbó yẹ kó máa wá ojúure Olúwa. Mo wà níbẹ̀, inú bí mi débi pé mo fẹ́ fèsì. Màmá fojú dá mi dúró. Ó bu omi fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbé e fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti í ṣe, ó wá ní, "Ibi tí ìṣó wà ni mo gbé e kọ́."

Kì í ṣe pé kò lè ṣìnà o. Ó máa ń ṣìnà, orí rẹ̀ sì le bí òkúta Ẹ̀fọ̀n. Ó gbà fún ìgbà pípẹ́ pé bí àwòrán ti rí ni ojú ọ̀run rí, pé tí èèyàn bá débẹ̀, á bá a ní pupa àti búlúù bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n mi, tó ka físíìsì ní yunifásítì, ló lọ tú àṣírí náà fún un. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú ọmọ èèyàn ò lè rí ni awò yẹn ń gbà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán ló ń fi àwọ̀ sí i kí àwa náà lè rí nǹkan kan. Ìjà ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Màmá tó máa ń sọ Yorùbá tíṣà pátá gbàgbé ara rẹ̀, ó fi èdè Ìkòrò pariwo pé irọ́ ni, pé kíkùn ni wọ́n kùn ún.

"Urọ́ ni! Ìn kùn ún! Urọ́ ni ìn pa fún mi!"

Ó já gbogbo àwòrán náà kúrò lára ògiri. Kò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù mọ́. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, mo sì bú Ṣẹ́gun dáadáa, mo ní kí ló kàn án. Nígbà tí mo padà délé, mo bá àwòrán lójú ìṣó, gbogbo rẹ̀ pátá. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ló mú jáde fún mi láti inú àpótí. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, àmọ́ ayàwòrán Òkèmẹ̀sí ayé àtijọ́ ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun ètè rẹ̀ pupa, ó kun òdòdó ọwọ́ rẹ̀ náà. Ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ètè mi ò pọ́n tó báyìí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi náà ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Máàsì, ìràwọ̀ pupa nì, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ìjọ ti rí i mú. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí Máàsì, agbára oòrùn ló ń lò bíi sólà. Eruku wá bo páńẹ́lì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò rí oòrùn gbà mọ́, ó ń kú lọ. Màmá ní sólà tirẹ̀ lórí òrùlé. Nígbà ọyẹ́, ògbólógbòó gèlè tó so mọ́ ọ̀pá gígùn ló fi ń nu eruku ara rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: kò wá sí ẹni tí yóò bá a nù ún ni? Mo ní kò sí. Ó mi orí, ó mi orí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà dìde, Màmá dìde. Ó ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ẹnì kan tó wà ní ìdálẹ̀. Eruku ti bò ó, agbára rẹ̀ ti ń tán, kò sì lè padà wálé." Ha! Ìjọ gbàdúrà. Wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀, àwọn ìyá bú sẹ́kún, torí kò sí ilé tí kò lọ́mọ lájò. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, àlùfáà fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Màmá, ọmọ wa wo ni? Ṣé Líbíyà ló há sí?"

"Ó jìnnà ju Líbíyà lọ," ni Màmá wí. "Máàsì ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìjókòó mú. Àwọn tó kù bínú, wọ́n ní ó fi ilé Ọlọ́run ṣeré, ó fi àdúrà ṣòfò. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ẹnu àwọn tó bínú yìí kan náà ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kò sí ẹni tó yọ wọ́n kúrò nínú nǹkan kan. Màmá kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tó sọ fún àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n wá bá a nílé ni pé, "Àdúrà tí ẹ gbà fún un yẹn, ṣé ó dín tiyín kù ni?"

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run, àgùàlà ni àyànfẹ́ rẹ̀. Kó tó di pé fóònù dé, kó tó di pé àwòrán dé, àgùàlà ti wà. Gbogbo ẹni tó gba kíláàsì rẹ̀ kọjá ló mọ èyí. Tí ariwo bá pọ̀ ní kíláàsì, kì í lu tábìlì. Yóò kàn sọ wẹ́rẹ́ pé, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn." Àwọn ọmọ yóò dáhùn pé, "Wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Yóò ní, "Ṣé ajá rẹ̀ ni?" Wọn yóò pariwo pé, "Rárá o, mà!" Gbogbo ilé á wá pa lọ́lọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́ nínú ilé ìjọsìn. Ìyá Ẹ̀fọ̀n, ìyàwó Bàbá Délé, wà lára wọn. Ó ń mọ̀wé bọ̀, ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀, kí Bàbá Délé tó dá a dúró. Wọ́n ní kí ni àgbàlagbà obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe.

Nígbà tí Màmá wá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti rán ọkọ̀ lọ sórí àgùàlà rí, pé ooru ibẹ̀ pa ọkọ̀ náà kó tó pẹ́ níbẹ̀, pé ooru náà tó láti yọ́ òjé, ṣe ni ó dìde jó. Ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún. Ó sọ fún ẹni tó wá ra epo, ó sọ fún oníkẹ̀kẹ́. Bàbá Délé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ní, "Ìyá Ìkòrò, ajá oṣù rẹ ńkọ́?" Ó wá rí èsì fún wọn. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní ajá ni. Ẹ lọ fọwọ́ pa á lórí."

Èyí tí wọn ò dárí rẹ̀ jì í ni mo fẹ́ sọ báyìí. Kí àwọn àwòrán tó dé ni, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá mi àgbà. Màmá wà nínú yàrá opó, àwọn obìnrin yí i ká, a ní kó má jáde, kó má sọ̀rọ̀ sókè. Èmi wà níta, mò ń to àga sábẹ́ kánópì fún àwọn tó wá kí wa. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Bàbá Délé dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn, torí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní, "Oṣù wa ti wọ̀. Ajá oṣù nìkan ló kù sílẹ̀ fún wa. Kí la ó ti ṣe é o?" Àwọn èèyàn ń kẹ́dùn, wọ́n ń mi orí. Fèrèsé yàrá opó wà ní ṣíṣí.

Mo kàn rí i tó yọ ni. Aṣọ dúdú ló wà lára rẹ̀, kò wọ bàtà, orí rẹ̀ wà ní gbangba. Àwọn obìnrin di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń fà wọ́n bọ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó gbọ́wọ́ sókè sí apá ibi tí oòrùn wọ̀ sí.

"Oṣù dà?"

Ta ni yóò dá opó lóhùn?

"Mo ní oṣù dà?"

"Kò sí, Màmá," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. N kò mọ ẹni náà títí dòní.

"Àgùàlà ńkọ́?"

Gbogbo wa wòkè. Ó wà níbẹ̀, lórí òkè, ó funfun, òun nìkan, ojú ọ̀run yòókù mọ́ kedere.

"Ó dáa. Ta ló ń tẹ̀ lé?"

Ó yíjú padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ náà káàkiri dé Àrámọ̀kọ. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ti yí i lórí. Àwọn mìíràn ní inú rẹ̀ dùn pé ọkọ kú. Àwọn tó burú jù lọ sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ sí obìnrin tó bá ń wòkè jù, pé àjẹ́ ni. Ìyẹn ló bí mi nínú jù, torí ìyá mi wà nínú yàrá yẹn, ó sì sọ fún mi bí Màmá ṣe wọlé tó fi ojú bo ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀, tó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ọkọ rẹ̀ yìí gan-an ló kọ́kọ́ fi àgùàlà hàn án, nígbà tí wọ́n jọ ń rìn bọ̀ láti Odò-Ọwà, tí wọn ò tíì fẹ́ra. Mo bi í léèrè nígbà tó yá pé ṣé kò wá lè fara dà á lọ́jọ́ yẹn, kó jẹ́ kó kọjá. Ó ní, "Mo bá a rìn. Ẹni bá èèyàn rìn kò tẹ̀ lé e."

Ẹ̀yin náà wá wo ohun tí Bàbá Délé fi òkúta ṣe. Wọn ò lè dá a padà sínú yàrá opó nígbà tó wà láàyè. Nígbà tí kò lè jáde mọ́, wọ́n dá a padà. Mo gbéra láti Adó lọ bá wọn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn tán, mo ní, "Bàbá, òwe yìí ò tíì parí."

"Ta ló sọ fún ọ? Ìràwọ̀ ló fẹ́ràn, ìràwọ̀ la fún un. Ṣé ó tún kù?"

"Ẹ̀yin náà mọ ìyókù, Bàbá."

"Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí bàbá rẹ. Ṣé ajá lo wá fẹ́ kí n kọ sórí ibojì obìnrin ilé wa? Kí àlejò dé, kó máa ka ajá?"

"'Kì í ṣe ajá' la ó kọ."

"Ajá náà ni ojú wọn yóò kọ́kọ́ bá." Wọ́n gbá abẹ̀bẹ̀ mọ́yà, wọ́n bojú wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Àbí o kì í ṣe ọmọlúàbí?"

Bí wọ́n ṣe pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi òwe dí lẹ́nu, ẹkún ló kù fún un, n kò sì fẹ́ sunkún níwájú wọn. Mo lọ bá ẹni tó gbẹ́ òkúta náà ní Àrámọ̀kọ. Ó ní àyè ṣì wà nísàlẹ̀, òun lè kọ ọ́ sí i. Nígbà tí mo pè é padà, ohùn rẹ̀ ti yí: olórí ẹbí ti pe òun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo bẹ ìyá mi, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mo bẹ Ṣẹ́gun, ó ní òkúta ṣáà ni. Òkúta ṣáà ni! Ohun tí yóò máa sọ ẹni tí Màmá jẹ́ fún ọmọ tí mi ò tíì bí!

Ọjọ́ ìrántí pé, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. A ti ilé ìjọsìn dé, oòrùn ń mú, a dúró yí ibojì ká. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró sẹ́yìn kí n má baà rí òkúta náà. Àwọn tó wá pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: àwọn tó ń ta nǹkan lọ́jà, àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì kan láti Ìjerò, àwọn obìnrin tí irun wọn ti ń funfun. Àlùfáà gbàdúrà. Bàbá Délé wá tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí òkúta, wọ́n ní àwọn yóò kà á fún àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa. Wọ́n gbọn ọ̀fun.

"Àgùàlà ń bá oṣù rìn," ni wọ́n kà, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè wọ àwọn èèyàn lára.

Ìyá Ẹ̀fọ̀n ló wà lẹ́yìn wọn, ó di fìlà wọn mú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ bá wà. Bí ẹni jẹ́ ìpè ló ṣe dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè:

"Wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni."

Kì í ṣe òun nìkan. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni àwọn obìnrin ẹ̀yìn ti gbà á, àwọn ọkùnrin díẹ̀ náà gbà á, ohùn kan náà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Gbogbo wa wá dákẹ́, torí ibẹ̀ ló kan Màmá láti béèrè. Kò sí ẹni tó béèrè. Mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń mi kánópì. Wọ́n sì dáhùn, gbogbo wọn pọ̀, pẹ̀lú irun funfun wọn:

"Rárá o, mà!"

Bàbá Délé yíjú sí ìyàwó wọn. N kò rí i kí ojú wọn dà bẹ́ẹ̀ rí. "Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?"

Ìyá Ẹ̀fọ̀n gbójú sókè nígbà náà. Kò sọ "ẹ̀yin". Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kí ilé ìwé tó dé ló sọ ọ́ fún wọn, bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀.

"Ùwọ lo pa òwe," ló wí. Ó gbé fìlà wọn lé wọn lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn obìnrin.

Inú ṣì ń bí mi o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n mo ti pe agbẹ́-òkúta Àrámọ̀kọ, mo ní kó fi òkúta náà sílẹ̀ bó ti wà. Ààbọ̀ ni Bàbá Délé kọ. Ó ti dé inú wa.